Kọ̀ntéńà Inú Kọ̀ntéńà

Inú kọ̀ntéńà ni mo jókòó sí ní Kàbà,
irin aláwọ̀ ewé tí bàbá mi fi ń ta páàtì ọkọ̀
kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.
Òórùn ọ́ìlì ṣì wà lára ògiri,
ọyẹ́ ń gba ihò ìṣó wọlé,
mo ṣí kọ̀ǹpútà sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń tú kábúrétọ̀.

Wíńdòsì ló wà níta.
Nínú rẹ̀ ni mo kọ́ Línúsì sí,
ilé kékeré, kò ju ohun tí iṣẹ́ nílò lọ,
ilẹ̀kùn kan péré, nọ́ńbà rẹ̀ ẹgbàárin.
Ojú fèrèsé tí mo fi ń kọ kóòdù wà lóde,
ọwọ́ mi wà nínú lọ́hùn-ún,
bí ẹni na ọwọ́ gba fèrèsé ro ọbẹ̀ nílé aládùúgbò.

Bàbá ní, "Kọ̀ntéńà wo lo tún rà? Ta ló bá ọ gbé e?"
Mo ní ọ̀fẹ́ ni.
Ó yọjú wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.
"Ohun ọ̀fẹ́ tí n kò rí," ó padà sídìí rédíò.

Kí n má parọ́, kì í ṣe ọ̀fẹ́.
Dátà òru ni mo fi fà á wálé.
Ó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, iná lọ.
Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjà tán láàrin èmi àti Dúnsìn tó wà ní Ìsánlú.
Tẹ́lẹ̀, a ní, "Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."
Èmi a ní, "Lọ́dọ̀ tèmi, ó kú."
Ní báyìí, ìwé pélébé kan ni à ń fi ránṣẹ́,
ìlà mọ́kànlélógún, bí a ṣe ń mọ ilé náà dé òrùlé.
Ó kọ́ tirẹ̀, mo kọ́ tèmi,
kòkòrò kan náà ló ń bù wá jẹ.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni à ń kó jọ,
Yàgbà lọ́dọ̀ tirẹ̀, Owé lọ́dọ̀ tèmi,
láti ẹnu Ìyá Ọlọ́runnípa, tó bí bàbá mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ilé náà ń ṣe ségesège.
Mo ní kí n wó o, kí n tún un kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Ó wó. Ó dìde. Ó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.
Mo wá fáìlì mi.

N kò gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí inú àti ìta jọ ń lò.
Ilẹ̀ yàrá inú lọ́hùn-ún ni mo gbé e lé,
ìwé kò sì mọ̀ ọ́n.
Ìwé mọ iye bíríkì,
kò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.
Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógójì.

Màmá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí.
"Ọ̀kun o, ìyá."
"Ọ̀kun o. Kí ló sọnù?"
Mo ṣàlàyé. Kò gbọ́ ti kọ̀ntéńà,
ó gbọ́ pé mo wó ilé láìkó ẹrù.
Ó rẹ́rìn-ín títí èèpo ẹ̀gúsí fi dà sílẹ̀.
"Jókòó."

Ó tún wọn sọ, kì í ṣe bó ṣe tò wọ́n tẹ́lẹ̀.
Ti òjò fa ti odò kan tó ti gbẹ,
ti odò fa orúkọ ọmọbìnrin kan tó máa ń pọn omi níbẹ̀,
a dúró díẹ̀ lórí ìyẹn.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mọ́kànlélógójì ti padà.
Ó di ojú.
"Ọ̀kan jẹ mọ́ ìrì. Ó wà lẹ́nu mi. Kò jáde."

Fáìlì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, Dúnsìn ní ẹ̀dà kan.
Nọ́ńbà kejìlélógún ṣófo,
bẹ́ẹ̀ ni ìkẹtàlélọ́gbọ̀n.
Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i, fèrèsé náà
a fa ìlà wẹ́rẹwẹ̀rẹ sábẹ́ wọn, àwọ̀ ìyeyè,
pé nǹkan kù níbí.
Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìlà náà rẹ́.
N kò pa á rẹ́.